Bàálù Fàájì Kò Fẹ́ Gbé Ẹ̀gbọ́n Mi Wálé

Ẹ̀yin ará Kábà, ẹ kú ilé o. Mo ti dé. Ẹni tó bá ń retí omi mímọ́ tàbí tẹ̀súbáà lọ́wọ́ mi, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú wá sílé mi, nítorí n kò lọ Jerúsálẹ́mù, n kò sì lọ Mẹ́kà. Ọmọ mi kankan kò bímọ sí ìlú òyìnbó tí mo fi lè ní mo lọ wẹ ọmọ. Fàájì ni mo lọ ṣe. Èmi Rúùtù tó ń ta kaṣú lẹ́bàá ọ̀nà Lọ́kọ́ja, tí ẹ máa ń rí nínú eruku láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, mo wọ bàálù lọ jókòó sétí òkun, mo sì ń jẹ ẹja. Owó kaṣú mi ni mo fi lọ. Ẹni tí ó bá ń dùn, kó lọ mu omi tútù.

N kò dá lọ. Mo mú ẹ̀gbọ́n mi dání, ọmọ ìyá mi gan-an, Ìyá Ràfíù tó ń gbé Kiri. Ilé Mùsùlùmí ló ti lọ́kọ, ó ń kírun, èmi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, a kò sì fi ìyẹn jà rí nílé wa. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni kò ti fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jáde mọ́. Àwa méjèèjì ni opó, ṣùgbọ́n èmi ní ẹnu tí mo fi ń lé ìbànújẹ́, òun kò ní.

Ilé-iṣẹ́ bàálù tó gbé wa kì í ṣe ti àwọn ńláńlá. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ni, l'Ábújá, ìgbà ọdún nìkan ló sì ń gbéra. Bí Kérésì bá ti ń súnmọ́, á kó àwọn tó lọ́wọ́ àti àwọn tọkọtaya tuntun lọ sí erékùṣù Sàó Tòmé, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Potogí. Bí wọ́n bá ti ṣe fàájì tán, á tún lọ kó wọn wálé. Lẹ́yìn ìyẹn kò tún lọ mọ́, ó di Àjíǹde. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló fẹ́ pa wá.

Ẹni tó kọ́kọ́ bínú ni Bọ̀dá Ẹlíjà. Òun ni wọ́n bí tẹ̀lé Ìyá Ràfíù, kí wọ́n tó bí mi. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ n'Ìyàrá, àtìgbà náà ló sì ti sọ ara rẹ̀ di alága ìdílé, láìsí ẹni tó dìbò fún un.

Ó ní, "Opó méjì, ẹ fẹ́ wọ bàálù nítorí kí ẹ lè lọ wo omi. Bí ó bá jẹ́ ilé Ọlọ́run lẹ ń lọ, ǹ bá gbàdúrà fún yín. Bí nǹkan bá ṣe yín lọ́hùn-ún ńkọ́? Ta ni yóò lọ gbé yín wá?"

Mo ní bó bá ti sọ̀rọ̀ tán, kó bá mi fa okùn àpò yẹn kó le dáadáa, mo ń di ẹrù lọ́wọ́.

Ábújá

Nígbà tí a rí bàálù náà, ẹ̀gbọ́n mi dúró. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó wá bi mí bóyá èyí ni yóò gbé wa lọ síbi tí bàálù gidi wà. Ó kéré lóòótọ́. Abẹ̀bẹ̀ méjì ló wà lápá rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ló sì ń dojú bolẹ̀ tó ń di àtẹ̀gùn, tóóró báyìí, ẹnì kan ṣoṣo ló lè gbà á lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọbìnrin tó ń gba èrò wọlé ń jẹ́ Bísọ́lá. Ó rẹwà, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ó wo ìwé wa, ó ní, "Kogí. Ẹ̀yin màmá, ṣé ẹ gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀?"

Mo ní, "Ọmọ mi, kí ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ láti ìgbà tí a ti tò síwájú rẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun rò pé èdè mìíràn ni, pé ó ń lọ sókè sódò létí òun.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe wá nìyẹn. Bí ará Okun, Yorùbá Kogí bíi tiwa, bá dé Kàdúná, wọ́n á ní Yorùbá ni. Bó bá dé Ìbàdàn, wọ́n á ní ará Òkè-Ọya ni, ṣé ó máa jẹ tùwó. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ kó máa dùn, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Mo sọ fún un pé ilé baba Yorùbá ní yàrá púpọ̀, pé tiwa wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ síbẹ̀ ju yàrá iwájú lọ. Ó ní kí n má bínú. Mo ní n kò bínú, mo kàn ń kọ́ ọ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá wa dá sí i. Ó ti wọ inú bàálù, ó sì ń ṣe ohun tí a fi tọ́ wa dàgbà: a kì í wọlé tí èèyàn wà ká jókòó láìkí wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìjókòó àkọ́kọ́, "Okun o, okun o, ẹ kú ìrìn," ó ń tẹrí ba fún ọ̀tún àti òsì. Àwọn tó fi nǹkan dí etí kò tilẹ̀ gbọ́. Ọkọ ìyàwó kan tó mú ìyàwó rẹ̀ tuntun dání wo ẹ̀gbọ́n mi àti agbọ̀n èkuru tó gbé lọ́wọ́, ó rọra ní, "Màmá, a ò rà."

Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀ pé ọlọ́jà ni ó pe òun. Ó bu èkuru fún un. Ọkùnrin náà gbà á, ojú tì í, ó jẹ ẹ́, ó sì tún na ọwọ́. Kí a tó gbéra, èkuru Kiri ti dé ìjókòó tó kẹ́yìn pátápátá, Bísọ́lá sì ń sọ fún wa pé òfin kò gba kí èrò máa pín oúnjẹ. Bísíkíìtì tí òun náà wá pín fún wa kò tó èyí tí à ń jù fún adìyẹ.

Erékùṣù

Bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn ni ooru àti òórùn ewé tútù kọ lù wá. Mo rò pé iyanrìn àti omi nìkan ni ibẹ̀ yóò jẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń yà á sínú àwòrán. Irọ́ ni. Igbó ni, igbó dúdú bíi tiwa nígbà òjò, kòkó lábẹ́ igi ńlá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbi gbogbo. Ìyàtọ̀ kan ni pé igbó tiwa máa ń parí sí oko ẹlòmíràn, tiwọn ń parí sínú òkun.

Àwọn èèyàn ibẹ̀ kì í kánjú. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ń sọ tó bá kù díẹ̀ kí o bínú: "Lẹ́fẹ-lẹ́fẹ." Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. O pè fún omi, lẹ́fẹ-lẹ́fẹ. Mọ́tò kò wá, lẹ́fẹ-lẹ́fẹ. Àwa tí à ń kí ara wa pé okun, ìyẹn agbára, tí ìkíni wa gan-an jẹ́ ti iṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ dà bí ọ̀lẹ lójú mi. Nígbà tó ṣe, mo rí i pé obìnrin tó ń gbá àgbàlá ilé tí a dé sí ti gbá a mọ́, ó sì ti sinmi, èmi tí mo ń kánjú ṣì ń wá bàtà mi.

Ilé oko kòkó àtijọ́ ni ilé tí a dé sí. Ìyá arúgbó kan ló ni ín, Dóńà Albẹtína, adúláwọ̀ bíi tiwa, irun rẹ̀ funfun bí òwú. Kí a tó ráyè kúnlẹ̀ kí i lọ́jọ́ tí a dé, ó ti dì mọ́ wa, ó ti fẹnu kàn wá lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì. Ẹ̀gbọ́n mi nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní èyí kò dára, pé ìyá yìí ju òun lọ, òun kò sì tíì kí i.

Mo ní, "Ó ti kí yín ná."

Ó ní, "Ìyẹn ni pé mo jẹ ẹ́ ní ìkúnlẹ̀."

Àwọn tí a jọ wọ bàálù ń jẹ sùpágẹ́tì ní iwájú ilé. Àwa lọ sínú ilé ìdáná. Ọbẹ̀ kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kalulú: ẹja gbígbẹ, epo pupa, ewé oríṣiríṣi, wọ́n á gbé e ka iná tí kò le, á máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n mi tọ́ ọ wò, ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó bi mí pé ta ló gbé ọbẹ̀ yìí wá síbí láti ilé. Wọ́n tún ní èso kan tó tóbi bí orí ọmọdé, wọ́n ń sun ún nínú iná, á sì funfun nínú bí iṣu. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ ẹ́, ó ní iṣu ni, ó kàn jẹ́ pé kò mọ ilé bàbá rẹ̀ mọ́ ni. Dóńà Albẹtína kò gbọ́ Yorùbá, àwa kò gbọ́ Potogí, ṣùgbọ́n òun àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti ara wọn bí ẹni pé wọ́n jọ ṣe ọmọge, wọ́n ń já ewé.

Wàyí, ọ̀rọ̀ òkun tí à ń torí rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi wọ inú rẹ̀ dé ìdí orúnkún, ó ká ìró rẹ̀ sókè. Omi kan rú wá, ó gbá a, ó bá jókòó sínú omi gbì. Mo sáré. Mo rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni ó ń rín. Ó ń rín títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀, ó ń na ìka sí òkun bí ẹni tí òkun ń bá ṣeré. N kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí a ti sin ọkọ rẹ̀. Èmi ni mo wá ń sunkún. Ẹ̀yin tó ń bi mí pé kí ni mo lọ gbà níbẹ̀, ohun tí mo lọ gbà nìyẹn.

Ìkúnlẹ̀

Òjò ti rọ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ tí a ń padà bọ̀. Mọ́tò ti dúró, a ti kó ẹrù sí i. Dóńà Albẹtína jáde sórí àtẹ̀gùn òkúta láti sìn wá. Mo rí ojú ẹ̀gbọ́n mi, mo sì mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Mo ní, "Ẹ má ṣe é. Ilẹ̀ ń yọ̀."

Ó ní, "A ó jẹ oúnjẹ àgbà báyìí tán, ká wá dìde lọ bí ewúrẹ́?"

Ó kúnlẹ̀. Ìkúnlẹ̀ tó dára ni, ti àwọn ìyá wa, orúnkún méjèèjì, ìró sì bò ó. Ṣùgbọ́n Dóńà Albẹtína kò rí i rí. Ó rò pé ó ń ṣubú ni, tàbí pé àìsàn gbé e. Ó pariwo, ó fò wá gbé e dìde. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀, kò tíì kí i tán. Ẹnì kan ń fà sókè, ẹnì kan ń fà sílẹ̀, òkúta ń yọ̀. Àwọn méjèèjì lọ sílẹ̀ papọ̀. Ìyá náà bọ́ sórí ẹ̀gbọ́n mi, orúnkún ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi sì yí.

Nọ́ọ̀sì kan láti ilé kejì wá tẹ̀ ẹ́ wò, ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ pé eegun kò ṣẹ́, ó fi aṣọ dì í. Dóńà Albẹtína ń sunkún, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sọ fún un pé kó má sunkún, pé ọkàn òun ti balẹ̀, òun ti kí i. Ẹ wo irú èèyàn tí Ọlọ́run fún mi.

Ẹsẹ̀ bàálù

Orí àga ni a gbé e dé ẹsẹ̀ bàálù. Bísọ́lá wo ẹsẹ̀ tí a dì, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní òfin ilé-iṣẹ́ àwọn ni pé ẹni tí kò bá lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àtẹ̀gùn kò lè wọlé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn sókè kò sí níbẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé e, pé bí ẹni bá ṣubú, ọrùn àwọn ni yóò wà.

Mo ní, "Kí ni ká wá ṣe?"

Ó ní ilé-iṣẹ́ àwọn yóò fi ìyá sí òtẹ́ẹ̀lì, wọn yóò máa tọ́jú wọn. "Bí a bá padà wá, a ó gbé wọn."

"Ìgbà wo lẹ ń padà wá?"

Ó wolẹ̀. Ó ní, "Àjíǹde, mà."

N kò mọ bí ilẹ̀ ṣe rí lójú mi lákòókò yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi fà mí lọ́wọ́. Ó ní, "Máa lọ, Rúùtù. Má bá ọmọ ọlọ́mọ jà. Ṣùgbọ́n bí mo bá kú kí ó tó di Àjíǹde, sọ fún Ràfíù pé kó má jẹ́ kí wọ́n sin mí síbí. Kó gbé mi lọ sí Kiri."

Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ń wo bàtà wọn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ ká fi àga gbé e, ṣùgbọ́n àwọn náà rí i pé àtẹ̀gùn náà kò gba ẹni méjì. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbà. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló gbà, ẹnì kan náà ni yóò gùn ún. Mo tú ìró òkè ìdí mi. Mo kẹ̀yìn sí ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó ní, "Kí lò ń ṣe?"

"Ẹ gùn mí lẹ́yìn."

"Orí ẹ kò pé. Àbúrò kì í pọn ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Gbogbo ayé fẹ́ wọ bàálù lọ. Èmi àti ẹ̀yin ni yóò kù nílẹ̀ yìí."

Ó ní, "Rúùtù, èmi ni mo kọ́ ẹ ní ìrìn. Ojú á tì mí lójú àwọn ọmọ wọ̀nyí."

Mo ní, "Kó máa tì yín bọ̀ títí a ó fi dé Kábà."

Lẹ́yìn náà ni ó sọ̀rọ̀ sí mi létí, pé bí mo bá ṣe é, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ nílé títí òun yóò fi kú. Mo gbà. Mo ní kó gùn. Orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè gbéra. Ọkọ ìyàwó tó ní òun kò rà ló kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. Bísọ́lá ní, "Ọ̀gá, òfin kò gbà." Kò dá a lóhùn. Ó gbé ẹ̀gbọ́n mi lé mi lẹ́yìn, ìyàwó rẹ̀ sì bá mi fa ìró náà yí i ká, ó so ó níwájú àyà mi, ó le dáadáa.

Mo ti gbé àpò kaṣú láyé mi, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò wúwo tó àpò kan. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ dùn mí, pé ó ti fúyẹ́ báyìí, n kò sì mọ̀. Mo di irin mú. Mo gbé ẹsẹ̀. Ó ń wí "Bìsìmílà," èmi ń wí "Jésù," a ń gòkè. Ní àárín àtẹ̀gùn, mo dúró, mo mí.

Bísọ́lá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kò bófin mu."

Mo ní, "Bísọ́lá, nígbà tí o wà lọ́mọdé, ṣé òfin ló pọ̀n ọ́?"

Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, iṣẹ́ ló fi ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Awakọ̀ bàálù jáde wá sẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan. Ó bi mí pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ tí gbogbo èèyàn ní láti sáré jáde, báwo ni ìyá yìí yóò ṣe sọ̀kalẹ̀.

Mo ní, "Bó ṣe gòkè náà ni yóò ṣe sọ̀kalẹ̀. N kò ní tú ìró yìí títí a ó fi dé Ábújá bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n mo ń sọ fún ẹ, ọ̀gá, bí o bá fẹ́ kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nísinsìnyí, ìwọ ni kí o wá tú u. Ọwọ́ mi kọ́ ló máa tú u."

Ó wò mí. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi, tó ti ń kí i láti orí èjìká mi pé, "Okun o, ẹ kú iṣẹ́." Ó súnra kúrò lójú ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n fi wá sí ìjókòó tó súnmọ́ ilẹ̀kùn jù lọ, kí wọ́n fún wa ní omi.

Ilé

Bọ̀dá Ẹlíjà ti dé láti Ìyàrá kí a tó sinmi tán. Ilé mi ní Kábà kún. Ó dúró láàárín pálọ̀, ó wo ẹsẹ̀ tí a gbé lé orí àpótí, ó wá rí ọ̀nà sọ̀rọ̀.

"Mo sọ, àbí n kò sọ? Ọlọ́run ló yọ yín. Bí ọ̀rọ̀ bá burú ju báyìí lọ ńkọ́, ta ni ì bá lọ gbé yín? Àgbàlagbà méjì tí kò mọ̀ pé ayé ti kọjá ti fàájì. Ẹ̀yin tilẹ̀ ṣàlàyé fún mi, pẹ̀lú irú ẹsẹ̀ yìí, báwo lẹ ṣe wọ bàálù?"

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ ohun tí ẹnu mi ń ṣe mí lákòókò yẹn. Mo ti ṣe ìlérí. Mo fi eyín di ètè mi mú, mo ń wo ògiri.

Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Rúùtù ló pọ̀n mí."

Ìyàwó Ràfíù gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́? Wọ́n ní kí n dúró síbẹ̀ di Àjíǹde. Rúùtù tú ìró ìdí rẹ̀, ó fi pọ̀n mí bí ọmọ jòjòló, lójú ọmọdé, lójú àgbà, ó sì gbé mi gòkè. Mo ní kó má sọ. Òmùgọ̀ ló ṣe mí. Èmi ni mo ń sọ ọ́ báyìí, kí ẹ lọ sọ ọ́ dé Kiri." Ó wá kọjú sí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. "Ìwọ ńkọ́, Ẹlíjà? Gbogbo bí o ṣe ń dá èèyàn dúró yìí, bí ẹsẹ̀ rẹ bá kọ̀ ọ́ lọ́nà, ta ni yóò pọ̀n ọ́?"

Ọmọ mẹ́rin ni Bọ̀dá Ẹlíjà bí, gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí èyíkéyìí nínú wọn ti wálé. Ó fa àga kan, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí àwọn èèyàn ti tún ń bára wọn sọ̀rọ̀, ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, láìwo ojú mi, bóyá òun wúwo jù.